Ìtọ́jú Bẹntiróòlù tó ní Ethanol nínú Ọkọ̀ Ojú Omi tí a kì í Lò Déédéé: Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́ Sáyẹ́ǹsì àti Iṣẹ́ Ẹ̀rọ

Àṣamọ̀

Bẹntiróòlù tí wọ́n ń tà ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ lóde òní kì í ṣe bẹntiróòlù nìkan. Ethanol wà nínú rẹ̀. Nínú mọ́tò tó ń rìn lójoojúmọ́, èyí kì í sábà fa wàhálà. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń wà lójú kan fún ọ̀pọ̀ oṣù láìṣiṣẹ́, ó lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, ó sì lè fi àwọn èrò sílẹ̀ sí àárín omi. Bébà yìí ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú táńkì, ó sọ bí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ní Amẹ́ríkà ṣe ń dènà rẹ̀, ó sì fi hàn bí a ṣe lè kọ́ ẹ̀kọ́ náà ní èdè Yorùbá pẹ̀lú ohun èlò tí kò wọ́n.

Ìfáárà

Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré sí kọ̀rọ̀ ilé fún oṣù mẹ́fà mọ irú ìṣòro tí a fẹ́ sọ. Lọ́jọ́ tí iná lọ, a fa okùn rẹ̀ títí, kò dáhùn. Mẹkáníìkì dé, ó tú kàbùrétọ̀, ó ní epo ti bàjẹ́ sínú rẹ̀. Lórí ilẹ̀, ìnira ni èyí. Lórí omi, ewu ni. Ẹ́ńjìnnì tó bá kú lójú ọ̀sà nígbà tí ìjì ń bọ̀ kò ní ẹ̀gbẹ́ títì tí a lè tì í sí kí a tó ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì.

Amẹ́ríkà la mú ṣe àpẹẹrẹ nínú iṣẹ́ yìí, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀ràn náà ti hàn kedere jù. Àwọn ọlọ́kọ̀ ìgbafẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Ní àwọn ìpínlẹ̀ àríwá, ọ̀pọ̀ wọn ń gbé ọkọ̀ wọn kúrò lórí omi nígbà tí òtútù bá ń bọ̀, wọn kì í sì í dá a padà títí òtútù yóò fi lọ. Epo tó wà nínú táńkì a sì jókòó jẹ́ẹ́ fún oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni pé: kí ló ń ṣe epo náà ní gbogbo ìgbà yẹn, kí ló sì yẹ kí ẹni tó ni ọkọ̀ ṣe?

Kí ni ethanol, kí ló gbé e dé inú bẹntiróòlù?

Ethanol kì í ṣe àjèjì sí wa. Òun ló ń pani nínú ẹmu, nínú bíà àti nínú ògógóró. Àwọn tó ń se ògógóró ń gbé ẹmu tó ti kan kaná, wọ́n sì ń gba afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń jáde lára rẹ̀ sínú páìpù tó gba inú omi tútù kọjá. Ibẹ̀ ni ó ti ń padà di ọtí líle. Ọgbọ́n kan náà ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fi ń ṣe ethanol inú epo, àmọ́ àgbàdo ni wọ́n ń lò jù ní Amẹ́ríkà, ìrèké sì ni ní Brazil. A gbọ́dọ̀ tẹnu mọ́ ọn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ethanol inú epo kì í ṣe ohun mímu. Wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ da ohun olóró sí i kí ẹnikẹ́ni má baà mu ún.

Brazil bẹ̀rẹ̀ ètò ìjọba lórí epo ìrèké yìí ní ọdún 1975, nígbà tí owó epo rọ̀bì gòkè gan-an lágbàáyé. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 2005 àti ti 2007 sọ ọ́ di dandan pé kí epo tó ti ara irúgbìn wá wọ inú epo mọ́tò. Lónìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo bẹntiróòlù ibẹ̀ ló ní ethanol tó tó ìdá 10 nínú 100. E10 ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sọ E10 di bẹntiróòlù gbogbogbòò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021. E15 tún wà, èyí tí ethanol inú rẹ̀ tó ìdá 15. Òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí a rọ E15 sínú ọkọ̀ ojú omi rárá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì kọ ọ́ sára ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta á.

Omi, epo àti alárinà wọn

Ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ mọ̀ ni ìwà àwọn mẹ́ta yìí sí ara wọn. Bẹntiróòlù àti omi kì í pò pọ̀: tí a bá da omi sínú bẹntiróòlù, ìsàlẹ̀ ni omi máa lọ nítorí pé ó wúwo jù ú lọ. Ethanol àti omi ń pò pọ̀ pátápátá, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń fi omi lú ògógóró ti mọ̀. Ethanol àti bẹntiróòlù náà ń pò pọ̀. Ethanol wá dà bí alárinà tó ní ọ̀rẹ́ méjì tí àwọn méjèèjì kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn omi ju bẹntiróòlù lọ, ibẹ̀ sì ni ìjà ti ń wá.

Bí omi bá kéré, ethanol á gbé e mọ́ra, yóò sì tú u ká sínú epo. Ẹ́ńjìnnì á lo gbogbo rẹ̀ pọ̀ láìsí ìṣòro. Ní ìwọ̀n òtútù bíi 16°C, E10 lè gba omi tó tó nǹkan bí ìdajì nínú ìdá kan nínú 100. Èyí túmọ̀ sí pé nínú 100 lítà epo, ó lè gbé ìdajì lítà omi. Tí omi bá kọjá ìwọ̀n yìí, ethanol kò ní lè di àwọn méjèèjì mú mọ́. Yóò fi bẹntiróòlù sílẹ̀, yóò sì bá omi lọ sí ìsàlẹ̀ táńkì. A pe èyí ní ìyapa epo nínú iṣẹ́ yìí. Bí òtútù bá pọ̀ sí i, omi tí epo lè gbà ń dín kù. Ìdí nìyí tí táńkì tó dára nígbà ooru fi lè yapa lóru ọjọ́ kan nígbà òtútù, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni da ẹ̀kán omi kan sí i.

Ọ̀nà wo ni omi ń gbà wọlé?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé inú afẹ́fẹ́ nìkan ni ethanol ti ń fa omi títí táńkì fi máa kún fún un. Òótọ́ ni pé ethanol ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, táńkì ọkọ̀ ojú omi sì ní ihò tó fi ń mí síta. Lọ́sàn-án, epo á gbóná, afẹ́fẹ́ á jáde. Lóru, yóò tutù, afẹ́fẹ́ tó ní ọ̀rinrin á wọlé. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni èyí ń ṣẹlẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ kó tó lè fa ìyapa fúnra rẹ̀. Omi tó ń ba nǹkan jẹ́ kíákíá sábà máa ń gba ẹnu táńkì wọlé: ìdérí tí rọ́bà rẹ̀ ti gbó, òjò tó dúró sórí rẹ̀, tàbí kẹ́ẹ̀gì epo tí omi ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, kí ẹni tó ń wá oògùn olówó iyebíye láti dà sínú epo kọ́kọ́ yẹ ìdérí táńkì rẹ̀ wò.

Ohun tí ìyapa epo ń ṣe sí ẹ́ńjìnnì

Ìsàlẹ̀ táńkì ni páìpù tó ń fa epo wà. Tí epo bá ti yapa, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ́ńjìnnì máa fà ni àdàlù omi àti ethanol. Kò ní jó dáadáa. Ẹ́ńjìnnì á máa kọ́, tàbí kó kú. Bẹntiróòlù tó ṣẹ́ kù lókè náà kò pé mọ́, nítorí ethanol tó ti kúrò nínú rẹ̀ wà lára ohun tó fún un ní agbára láti má ṣe jó ṣáájú àkókò.

Ewu náà pọ̀ sí i fún ẹ́ńjìnnì tí a ń da ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo rẹ̀, irú èyí tí ọ̀pọ̀ apẹja wa ń lò. Ọ́ìlì ń bá bẹntiróòlù dúró lókè. Kì í tẹ̀ lé omi àti ethanol lọ sísàlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó bá fa ìsàlẹ̀ táńkì yóò máa yí láìsí ọ́ìlì tó tó, irin á sì máa ha irin.

Ohun méjì mìíràn wà tí kò nílò ìyapa rárá. Èkíní, ethanol ń tú ìdọ̀tí tó ti lẹ̀ mọ́ ara táńkì láti ọjọ́ pípẹ́, ìdọ̀tí náà á sì lọ dí asẹ́ epo. Èkejì, ó ń ba àwọn rọ́bà àti ike àtijọ́ kan jẹ́. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú àárín ọdún 1980 sí 1989, tí táńkì wọn jẹ́ fáíbàgíláàsì, jìyà púpọ̀: ethanol tú ohun tó so táńkì náà pọ̀, ó sì di ẹ̀gbin dúdú nínú ẹ́ńjìnnì.

Ìtọ́jú: ohun tó yẹ kí a ṣe

Yorùbá ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ọkọ̀ tó dára lọ́jọ́ tí a gbé e pamọ́ kò ní dára bẹ́ẹ̀ dandan lọ́jọ́ tí a padà dé. Ìgbésẹ̀ wọ̀nyí ni àwọn ọlọ́kọ̀ tó mọṣẹ́ ń tẹ̀ lé:

1. Ra epo tuntun, kí o sì ra ìwọ̀n tí o máa lò. Bí bẹntiróòlù tí kò ní ethanol bá wà ní àdúgbò, òun ló dára jù fún ọkọ̀ tó máa jókòó pẹ́.

2. Kí o tó gbé ọkọ̀ pamọ́, da oògùn tí kì í jẹ́ kí epo tètè bàjẹ́ sínú táńkì ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 kí epo náà lè dé inú kàbùrétọ̀. Oògùn yìí ń fa ìbàjẹ́ epo sẹ́yìn ni. Kò sí oògùn tó lè da epo tó ti yapa pọ̀ padà.

3. Bí táńkì bá jẹ́ èyí tí a kàn mọ́ ọkọ̀, rọ epo sí i títí yóò fi tó nǹkan bí ìdá 95 nínú 100. Àlàfo tó kù wà kí epo lè rí àyè wú bí ó bá gbóná. Táńkì tó kún kò ní àyè púpọ̀ fún afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin. Bí táńkì bá jẹ́ èyí tí a lè gbé, da epo rẹ̀ jáde pátápátá kí o sì lò ó sínú mọ́tò. Ìlàjì táńkì ló burú jù.

4. Fi asẹ́ tó ń ya omi sọ́tọ̀ sáàárín táńkì àti ẹ́ńjìnnì, kí o sì gbé asẹ́ mìíràn dání nígbà gbogbo.

5. Fi àkísà mímọ́ nu páìpù rọ́bà epo látòkè délẹ̀. Bí àkísà náà bá ń rùn bẹntiróòlù, pààrọ̀ rọ́bà náà.

6. Má ṣe rò pé bẹntiróòlù tí kò ní ethanol yóò wo E10 tó ti gba omi púpọ̀ sàn. Bí ìdá ethanol bá ti dín kù, agbára tí epo náà fi ń gbé omi dín kù pẹ̀lú, ìyẹn sì lè fa ìyapa lójú ẹsẹ̀.

7. Bí epo bá ti yapa, fà á jáde tán, kí o sì kó o fún àwọn tó ń bójú tó ìdọ̀tí eléwu. Má ṣe dà á sínú omi.

8. Lọ́jọ́ tí o bá padà dé, rùn ún wò kí o tó ṣíná. Nínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nínú, jẹ́ kí fáànù tó ń lé afẹ́fẹ́ jáde ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 4 ó kéré tán.

Kí ló kàn wá níbí?

Ìlànà ìjọba Nàìjíríà lórí epo tó ti ara irúgbìn wá, ti ọdún 2007, ti fojú sun ọjọ́ tí bẹntiróòlù wa yóò ní ethanol tó jẹ́ ìdá 10. Ṣùgbọ́n a kò ní láti dúró de ọjọ́ yẹn kí ẹ̀kọ́ yìí tó wúlò. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, bẹntiróòlù tí methanol inú rẹ̀ ju ìwọ̀n tí orílẹ̀-èdè yìí fọwọ́ sí lọ wọ ọjà, títí wọ́n fi ní láti kó o kúrò ní ilé epo. Ìbátan ethanol ni methanol. Òun náà ń bá omi pò pọ̀, ó sì ń jẹ irin bíi alumíníọ̀mù. Apẹja tó wà ní Ẹ̀pẹ́, ní Badagry tàbí ní etíkun Ìlàjẹ tí kò mọ ìwà irú epo bẹ́ẹ̀ kò ní mọ ìdí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi kú.

Bí a ṣe lè kọ́ ọ ní kíláàsì

Olùkọ́ fúnra rẹ̀ ni kó ṣe àwòfihàn yìí, ní ìta gbangba, jìnnà sí iná, pẹ̀lú ìwọ̀n epo kékeré. Wọn omi mìlílítà 1 sínú ife ìwọ̀n gíláàsì tóóró, fi aró oúnjẹ díẹ̀ kùn ún, kí o sì da bẹntiróòlù mìlílítà 9 lé e. Dé e, mì í dáadáa, ṣí i díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ jáde, kí o wá gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí omi aláró tó wà nísàlẹ̀ bá ṣì jẹ́ mìlílítà 1, kò sí ethanol nínú epo náà. Bí ó bá ti pọ̀ sí i, ethanol ti bá omi lọ nìyẹn. Bí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlílítà 2, epo náà ní ethanol tó nǹkan bí ìdá 10.

Lẹ́yìn èyí, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ohun tí wọ́n rí ní èdè ara wọn kí olùkọ́ tó fún wọn ní orúkọ tí ìwé ń pè é. Ẹni tó ti rí i tí omi ń “gba” ethanol lọ́wọ́ bẹntiróòlù kò ní gbàgbé rẹ̀ nínú ìdánwò, kò sì ní gbàgbé rẹ̀ létí omi.

Ìgúnlẹ̀ àti àbá

A ti rí i pé kì í ṣe ethanol nìkan ló ń ba epo jẹ́ nínú ọkọ̀ tí a kì í lò déédéé. Ethanol, omi àti ọjọ́ pípẹ́ ló ń pàdé nínú táńkì. A kò lè yọ ethanol kúrò, àmọ́ a lè dí ọ̀nà omi, a sì lè dín ọjọ́ kù. Nítorí náà, a dá a lábàá pé:

i. kí àwọn ẹ̀ka kẹ́mísírì àti iṣẹ́ ẹ̀rọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ fi ìtọ́jú epo sínú iṣẹ́ àṣefihàn wọn;

ii. kí àwọn olùkọ́ èdè àti ti sáyẹ́ǹsì jọ jókòó wá ọ̀rọ̀ tó yéni fún àwọn ìmọ̀ bí ìyapa epo;

iii. kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti etí omi mú ẹ̀kọ́ yìí lọ fún àwọn òbí wọn tó ń fi ẹ́ńjìnnì jẹun, nítorí àwọn ni ẹ̀mí wọn wà lórí omi.