Òótọ́ àbí irọ́? Wọ́n ní kò sẹ́ni tó jà kí Côte d'Ivoire tó gba òmìnira

Bó bá ti ku bí ọ̀sẹ̀ kan kí ọjọ́ keje oṣù Kẹjọ pé, àwọn ọmọ tó ń ta àsíá á ti kún Grand Carrefour ní Koumassi, Abidjan. Wọ́n á máa na àsíá aláwọ̀ ọsàn, funfun àti ewé sí ojú fèrèsé gbákà, awakọ̀ á máa bú wọn, èrò á máa ná wọn. Àsìkò yẹn náà ni àríyànjiyàn kan máa ń bẹ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta ohun èlò mọ́tò. Ẹnìkan nínú àwa tí bàbá wa ti Èjìgbò wá á ní: "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Ta ni wọ́n bá jà? Faransé ló gbé òmìnira lé wọn lọ́wọ́." Ọmọ onílẹ̀ tó jókòó tì wá ò ní bínú. Á kàn mi orí: "Òótọ́ lẹ sọ, bàbá. Àwa kì í ṣe oníjà. Houphouët bá wọn sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ sì parí."

Ohun tó jẹ́ kí ìgbàgbọ́ yìí ṣòro láti fà tu nìyẹn. Àwa ń fi í pẹ̀gàn, àwọn ń fi í yangàn, a sì jọ gbà pé bó ṣe rí náà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí ẹlẹ́gàn àti ẹni tí wọ́n ń gàn bá jọ fọwọ́ sí, ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò? Èmi náà gbà á fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má tijú.

Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: láti ọdún wo lẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà? Bó bá jẹ́ láti 1951 sí 1960 ni, ẹ jàre mi. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, Faransé àti ará Côte d'Ivoire ò yìnbọn síra wọn. Algeria ń jóná láti 1954, ìbọn ń dún ní Cameroun, àmọ́ ní Abidjan, ìpàdé ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 10 oṣù Kẹta 1893 ni Faransé kéde pé ilẹ̀ náà di tòun. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti 1951 ti fo ọdún méjìdínlọ́gọ́ta.

Ẹ jẹ́ ká wo inú ọdún tí wọ́n fò yẹn, ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Baoulé, ẹ̀yà Houphouët fúnra rẹ̀, ẹni tó di ààrẹ àkọ́kọ́. Ní 1894, Faransé rán ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Monteil pé kó kó ọmọ ogun gba ilẹ̀ wọn kọjá, kó lọ kojú jagunjagun Samory Touré lápá Kong. Ọ̀nà lásán ni wọ́n ní àwọn ń tọrọ. Ọ̀nà náà ló wá di ogun: wọ́n ń fipá mú ènìyàn ru ẹrù, àwọn Baoulé sì dìde sí wọn. Nígbà tí Monteil fi máa kan ọmọ ogun Samory, agbára rẹ̀ ti tán. Wọ́n pè é padà ní 1895, kò rí Samory mú.

Èyí tó tẹ̀ lé e burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1908, gómìnà tuntun dé, Gabriel Angoulvant. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ rò pé sùúrù àti òwò lè mú ará igbó rọ̀, ọkùnrin yìí ò gbà bẹ́ẹ̀. Abúlé tó bá kọ owó orí, iná ni. Wọ́n á ba oko jẹ́, wọ́n á kó àwọn tó kù jọ sí abúlé ńlá lẹ́bàá ọ̀nà níbi tí ojú ìjọba ti tó wọn, wọ́n á bu owó ìtanràn lé wọn lórí, wọ́n á kó aṣáájú wọn lọ sí ìgbèkùn. Títí di 1911 ni ìjà ń lọ nílẹ̀ Baoulé. Ó di 1915 kí wọ́n tó ní gbogbo igbó ti dákẹ́.

Kí ló wá dé tí a ò lè dárúkọ ogun kan níbẹ̀ bí a ṣe lè dárúkọ Ìmàgbọn? Ìjẹ̀bú ní Awùjalẹ̀, ó sì ní ọmọ ogun tó jáde pọ̀. Oṣù Karùn-ún 1892 ni Gẹ̀ẹ́sì pàdé wọn, ìjà dé, ìjà tán, orúkọ ibi tí wọ́n ti jà wọ ìwé. Baoulé ò ní ọba kan tó dúró fún gbogbo wọn. Abúlé yìí á jà lónìí, tọ̀hún á jà lóṣù tó ń bọ̀, inú ewé ni wọ́n ti ń yìnbọn, inú ewé náà ni wọ́n ń padà sí. Ogun tí kò ní ọba, ta ni yóò túúbá fún un? Ogun tí kò sì ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí, báwo ni olùkọ́ ṣe fẹ́ fi í ṣe ìdánwò?

Àwọn Abbey ní agbègbè Agboville ní ọjọ́ tiwọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní 1910, wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì dojú kọ ohun tó dùn mọ́ Faransé jù lọ, ìyẹn ojú irin tí wọ́n ń fà láti Abidjan lọ sókè. Wọ́n hú irin ní ibi púpọ̀. Wọ́n dá rélùwéè kan dúró, òyìnbó oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Rubino wà nínú rẹ̀, kò sì padà sílé mọ́. Faransé ní láti kó ọmọ ogun wá láti ilẹ̀ mìíràn kí apá wọn tó ká a. Ẹ̀yin Ẹ̀gbá tó ń kà á, ṣé kò jọ ohun tí ẹ mọ̀? Ní ogun Adùbí, 1918, ẹ̀yin náà hú ojú irin, nítorí owó orí àti iṣẹ́ tipátipá. Àwọn Abbey ò rí Ẹ̀gbá kọ́, bẹ́ẹ̀ ni Ẹ̀gbá ò gbọ́ tiwọn. Ìyà kan náà ló kọ́ wọn ní ọgbọ́n kan náà.

Nígbà tí Angoulvant fi máa ṣe tán, ìbọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ará ìlú ti ju 100,000 lọ. Ẹnìkan á ní ìbọn ọdẹ ni. Lóòótọ́, ìbọn ọdẹ pọ̀ nínú rẹ̀, ìbọn ọdẹ náà ni wọ́n sì fi jà. Ibi tí ọ̀rọ̀ mi dá lé nìyí: nígbà tí a bá ń bi ara wa pé kí ló dé tí wọn ò gbé ìbọn ní 1950, ká rántí pé wọ́n ti gba ìbọn lọ́wọ́ bàbá wọn. A ò lè gba àdá lọ́wọ́ ẹnìkan tán, ká wá máa yìn ín pé kì í ṣánko.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa pariwo pé, "Samory ńkọ́?" Ní ṣọ́ọ̀bù wa, òun ni àwọn ọmọ Dioula máa ń fi dáhùn. Ẹ jẹ́ ká fọgbọ́n sí i. Samory bá Faransé fà á láti 1882, ó sì di ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án 1898 kí ọ̀gágun Gouraud tó já lù ú lójijì ní Guélémou, ní ìwọ̀ oòrùn Côte d'Ivoire. Wọ́n gbé e lọ sí Gabon, ibẹ̀ ló kú sí ní 1900. Jagunjagun ni, kò sí àní-àní. Àmọ́ ìjọba tirẹ̀ ló ń jà fún, kì í ṣe orílẹ̀-èdè tí ẹnikẹ́ni ò tíì lá àlá rẹ̀. Ní 1897, òun kan náà ló sun Kong, ìlú àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí, di eérú. Ẹni tó bá fẹ́ pè é ní akọni òmìnira Côte d'Ivoire, kó kọ́kọ́ lọ sọ ọ́ ní Kong.

Ó wá ku 1949, ọdún tí mi ò lè dárí ji ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀, torí pé erékùṣù tí a wà yìí gan-an, Petit-Bassam, ló ti bẹ̀rẹ̀. Koumassi àti Treichville jọ wà lórí rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún náà, rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀ ní Treichville, wọ́n sì kó àwọn aṣáájú mẹ́jọ nínú PDCI, ẹgbẹ́ òṣèlú Houphouët, lọ sẹ́wọ̀n ní Grand-Bassam. Òǹkọ̀wé Bernard Dadié wà lára wọn, Mathieu Ekra náà wà níbẹ̀. Ẹ tún gbọ́ orúkọ méjì mìíràn: Albert Paraïso, Philippe Vieyra. Ẹni tó bá mọ àwọn Àgùdà Porto-Novo àti Ouidah á ti mi orí. Ẹni tó bá ní "àwa" jà, "àwọn" ò jà, ó dára kó kọ́kọ́ mọ ibi tí "àwa" parí sí.

Oṣù Kejìlá pé, wọn ò tíì gbọ́ ẹjọ́ wọn. Àwọn obìnrin kọ̀ láti ra ọjà òyìnbó ní ṣọ́ọ̀bù, nígbà tó sì di ọjọ́ 24, wọ́n wọ́ lọ sí Grand-Bassam. Wọn ò rí ọkọ̀ tó fẹ́ gbé wọn, ọ̀pọ̀ wọn fẹsẹ̀ rìn ín. Orúkọ Anne-Marie Raggi àti Marie Koré ṣì wà lẹ́nu títí dòní. Níwájú ọgbà ẹ̀wọ̀n, àwọn jàndáàmù fi omi àti kùmọ̀ lé wọn. Irọ́ kékeré kan wà níbí tí mo gbọ́dọ̀ tú, bó tilẹ̀ dùn ún gbọ́: pé ọjọ́ náà ni ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n ṣí. Kò ṣí. Àwọn obìnrin náà padà sílé láìmú ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìyẹn ò dín wọn kù lójú mi, ọdún yẹn kan náà ni Aláké kúrò lórí oyè lẹ́yìn ìjà Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin Ẹ̀gbá. Kì í ṣe gbogbo obìnrin tó rìn ló bá ilẹ̀kùn tó rọ̀.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ìbọn dún. Ní Dimbokro, ọjọ́ 30 oṣù Kìíní 1950, ènìyàn 13 kú. Bouaflé àti Séguéla náà ní òkú tiwọn. Sẹ́nétọ̀ Victor Biaka Boda jáde nílé, kò sẹ́ni tó rí i mọ́, egungun ni wọ́n rí nínú igbó nítòsí Bouaflé ní ìparí ọdún náà. Ìwé ìròyìn òkè òkun kan tilẹ̀ ń tan ahesọ pé àwọn tó dìbò fún un ló jẹ ẹ́! Ẹ wò ó bí irọ́ ṣe máa ń yára bo òkú. Iye tí ìwé sábà máa ń kà fún rògbòdìyàn ọdún wọ̀nyẹn ni òkú 52, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ló fara pa, nǹkan bí 3,000 ni wọ́n mú.

Báwo wá ni a ṣe gbàgbé? Ẹ wo Houphouët. Ní oṣù Kìíní 1950, wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa mú òun náà. Ní oṣù Kẹwàá, ó ti já okùn tó so ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ àwọn Kọ́múníìsì Faransé. Nígbà tó di 1956, ó ti di mínísítà ní Paris. Ní 1957, ó bá Nkrumah ta tẹ́tẹ́ pé a ó wo ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ máa dára jù lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ní 1958, nígbà tí wọ́n dìbò lórí àjọṣe pẹ̀lú Faransé, Guinea kọ De Gaulle, Houphouët ní kí àwọn ènìyàn òun dìbò bẹ́ẹ̀ ni. Ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ló wà nídìí òṣèlú títí di 1990. Ẹni tó bá ń bá Faransé jẹun pọ̀ ò lè máa ka òkú Dimbokro sí i létí lọ́dọọdún. Àwa tó ń gbé ìhín náà ń rí bárékè sójà Faransé ní Port-Bouët, ìdúró ọkọ̀ díẹ̀ sí wa, títí wọ́n fi fà á lé Côte d'Ivoire lọ́wọ́ ní oṣù Kejì 2025. Ojú títì ńlá tí à ń gbà lọ síbẹ̀, VGE la mọ̀ ọ́n sí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìkékúrú orúkọ ààrẹ Faransé àtijọ́ kan. Ta ló máa wo gbogbo èyí tó máa ronú ogun? Àní, ìtàn àlàáfíà náà ò ráyè fún oṣù Kẹwàá 1958, nígbà tí wọ́n ba ilé àwọn ará Dahomey àti Togo jẹ́ ní Abidjan, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sì sá padà sílé.

Ìdájọ́ mi: irọ́ ni. Ẹni tó bá tún sọ ọ́, kó fi "láti 1951" sí i, n ó gbà fún un.

Mo ka gbogbo èyí fún ọ̀rẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń nu bíárì kan, kò sọ nǹkan kan, àfi ìgbà tí mo dé orí Rubino. Ó ní ṣé Rubino tó wà lẹ́yìn Agboville ni, níbi tí àwọn mẹkáníìkì rẹ̀ méjì wà? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ òyìnbó tí wọ́n pa ni wọ́n fi sọ ìlú náà. Ó gbé bíárì sílẹ̀. Ó ní ó ti lé ní ogún ọdún tí òun ti ń gbé ọjà lọ síbẹ̀, èdè Abbey lòun rò pé ó jẹ́.