Oògùn tó mọ ojúlé tó ń lọ

Ìyá kan jí láàárọ̀, kò lè di ọmọrogùn mú. Ìka ọwọ́ méjèèjì wú, wọ́n le gbagidi, ó sì ju wákàtí kan lọ kí wọ́n tó dẹ̀. Àwọn ará ilé ní làkúrègbé ni, òtútù ló fà á, kó fi àdí wọ́ ọ. Àdí ò débẹ̀. Ọmọ ogun ara, tó yẹ kó máa bá kòkòrò àrùn jà, ló kọjú ìjà sí oríkèé onílé. Rheumatoid arthritis ni àwọn dókítà ń pè é.

Ní London, Marc Feldmann àti Ravinder Maini tọ ipasẹ̀ ìjà náà dé ìdí. Èròjà tó ń jíṣẹ́ ogun kiri inú oríkèé tó wú pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé bí wọ́n bá pa ọ̀kan lẹ́nu mọ́, ìyẹn TNF, ariwo àwọn yòókù á rọlẹ̀. Lọ́dún 1992, nílé ìwòsàn Charing Cross, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa infliximab, tó ń de TNF mọ́lẹ̀, sí iṣan àwọn aláìsàn tí oògùn mìíràn kò ràn. Ara tù wọ́n. Àrùn náà padà dé. Wọ́n tún un fà fún àwọn kan, ara tún tù wọ́n. Àtúnṣe yìí gan-an ló jẹ́ kó dájú pé kì í ṣe oríire lásán.

Àwọn oògùn mìíràn tó ń de TNF náà tẹ̀ lé e: etanercept gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1998, adalimumab lópin 2002. Tocilizumab ní tirẹ̀ ń dènà òjíṣẹ́ ogun mìíràn, IL-6. Tofacitinib ti ọdún 2012 kì í ṣe abẹ́rẹ́ rárá, hóró tí à ń gbé mì ni. Kò sí èyí tó ń wo àrùn náà tán nínú wọn, wọ́n sì wọ́n gan-an. Ìdí nìyí tí methotrexate, arúgbó oògùn tí kò wọ́n, fi ṣì ń ṣíwájú. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lò ó o! Ẹni tó bá ṣì í lò lójoojúmọ́ lè bá a lọ.

TNF yìí náà kì í kúkú ṣe ọ̀tá. Òun ló ń ṣọ́ ògiri tí ara mọ yí kòkòrò ikọ́ ife tó sùn ká. Dè é mọ́lẹ̀, ògiri lè wó. Nàìjíríà tí ikọ́ ife ṣì pọ̀ sí kọ́ ló yẹ kí wọ́n ti fo àyẹ̀wò rẹ̀. Kí abẹ́rẹ́ tó kan ara, wọ́n á ya fọ́tò àyà, dókítà á sì béèrè pé: “Mọ́mì, ẹ ti bá ẹni tó ní ikọ́ ife gbé rí?”