Omi Kò Lọ́tàá, Ṣùgbọ́n Ó Ń Bá Ìkòkò Jà

Àwọn baba wa a máa wí pé omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń gbé ilé tí ó ní kànga ní Accra, olú-ìlú Gánà, lè rí i pé omi a máa bá ìkòkò ṣe ọ̀tá. Ẹ ṣí ìdérí kẹ́tùlù wò ní ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀: ẹ ó bá èépá funfun tí ó le bí òkúta nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná ní ilé ìwẹ̀ bá sì jóná kí ó tó pẹ́, baálé ilé a di ẹ̀bi ru ẹni tí ó tà á. Bẹ́ẹ̀ rèé, lọ́pọ̀ ìgbà, omi ni ó jẹ̀bi.

Kí ni ó fà á? Bí òjò ti ń rọ̀, ó ń gba afẹ́fẹ́ kan mọ́ra, irú èyí tí àwa pẹ̀lú ń mí síta. Nígbà tí ó bá wọ inú ilẹ̀, a tún rí púpọ̀ sí i gbà. Afẹ́fẹ́ yìí ni ó ń fún omi ní agbára láti yọ́ òkúta ẹfun, irú èyí tí a ń wà ní Ewékorò fi ṣe sìmẹ́ńtì. Omi tí ó bá ti yọ́ irú òkúta bẹ́ẹ̀ púpọ̀ ni à ń pè ní omi líle. Ojú kò lè rí òkúta inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé omi náà ka iná, afẹ́fẹ́ a fò lọ, òkúta a sì lẹ̀ mọ́ ara irin.

Odò méjì ni ó ń fún Accra ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú omi ẹ̀rọ rẹ̀: odò Densu tí a sé ní Weija, níbi tí a ti parí ìdídò tí ó wà níbẹ̀ ní 1978, àti odò Volta ní Kpong. Omi Volta rọ̀. Ọṣẹ a máa hó nínú rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ kì í dé gbogbo ilé lójoojúmọ́. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń gbẹ́ kànga. Omi abẹ́ ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ Accra a sì máa le ní ibi púpọ̀, a tún máa ní iyọ̀.

Èépá kì í jẹ́ kí ooru kọjá bọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ èédú tàbí gáàsì ni a fi ń se omi, ooru a gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò lọ, owó a sì ṣòfò. Bí ó bá jẹ́ iná mànàmáná, irin tí ń gbóná nínú omi kò ní rí ibi tú ooru rẹ̀ sí. A gbóná ré kọjá ààlà, a sì jóná. Gánà gba òmìnira ní 1957, ó sì ṣí ìdídò Akosombo ní 1966 kí iná tirẹ̀ lè máa tàn. Kò yẹ kí irú orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀ máa ná owó sí òkè òkun láti ra irin kan náà léraléra nítorí àìmọ̀.

Mo rí irú èépá yìí ní London nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Omi ibẹ̀ le púpọ̀, nítorí pé ilẹ̀ ẹfun ni ó ń gbà kọjá. Ṣùgbọ́n àwọn onílé mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń fọ kẹ́tùlù wọn lóòrèkóòrè. Àwa náà lè ṣe é. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí kí ẹ da fínígà sínú omi kẹ́tùlù, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan. Yóò hó, èépá yóò sì máa yọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣàn án dáadáa. Ní ti ẹ̀rọ ilé ìwẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ooru rẹ̀ ju ìwọ̀n 60 ti Celsius lọ, nítorí bí omi bá ti gbóná tó ni èépá ń pọ̀ tó. Ẹ pa iná rẹ̀ kí oníṣẹ́ tó tú u láti fọ̀ ọ́. Kí ẹ̀rù má sì bà yín: Àjọ Ìlera Àgbáyé kò rí ẹ̀rí tí ó dájú pé líle omi nìkan a máa pa ẹni tí ń mu ún lára.

Ẹ̀yin olùkọ́, ìgò méjì tó fún ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ bu omi òjò sí ọ̀kan, omi kànga sí èkejì. Ẹ fi ọṣẹ tí ó dọ́gba sí méjèèjì, kí àwọn ọmọ sì mì wọ́n. Èyí tí kò bá hó ni omi líle. Ọmọ tí ó bá fi ojú ara rẹ̀ rí i kò ní gbàgbé, yóò sì sọ ọ́ fún baba rẹ̀ kí baba náà tó ra ẹ̀rọ mìíràn.