Àwọn Tí Ń Ka Ẹja Inú Òkun, àti Ohun Tí Ó Kan Àwa Ará Ìdógò

Ọ̀rọ̀ òkun ni a mú wá sí ojú ewé yìí. Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn béèrè pé kí ni ó kan ará Ìdógò nínú ọ̀rọ̀ òkun. Àgbẹ̀ àti oníṣòwò ni àwa, ojú irin tí wọ́n tẹ́ láti Ìfọ̀ gba Ìlaròó wá ni ó sì sọ ìlú wa di mímọ̀, kì í ṣe èbúté ọkọ̀ ojú omi.

Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ wa. Ta ni nínú wa tí kì í jẹ Titus, tàbí kótè, tàbí páńlá, tàbí sáwá yíyan tí àwọn ìyá wa ń tà lọ́jà? Inú òkun ni gbogbo wọn ti wá. Odò Yewa tí ó ń ṣàn ní agbègbè wa náà kò dúró sójú kan. Ó ń lọ títí tí ó fi dé ọ̀sà Àgbádárìgì, ọ̀sà sì ń bá òkun pàdé. Nítorí náà, ohun tí ó bá ṣe òkun yóò dé ọ̀dọ̀ wa, ohun tí àwa náà bá sì jù sínú odò lè dé òkun.

Àwọn àjọ kan wà káàkiri ayé tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti wádìí ohun tí ó wà nínú òkun, kí wọ́n sì dáàbò bò ó. A ó sọ díẹ̀ nípa wọn. Kókó ọ̀rọ̀ wa ni èyí: ẹni tí ó bá mọ iye ẹja tí ó wà nínú omi ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń lágbára nígbà tí wọ́n bá ń pín in.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ka ẹja?

A lè ka ewúrẹ́ nínú agbo, ṣùgbọ́n ta ni yóò wọ inú òkun lọ ka ẹja? Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni àwọn onímọ̀ ń gbà.

Èkíní, wọ́n ní ẹ̀rọ kan nínú ọkọ̀ tí ń rán ohùn lọ sí ìsàlẹ̀ omi. Bí ohùn náà bá kan ọ̀wọ́ ẹja, yóò padà sókè, gẹ́gẹ́ bí ohùn ẹni tí ó kígbe nídìí àpáta ṣe máa ń padà sí i létí. Láti inú ohùn tí ó padà ni wọ́n ti ń mọ bí ọ̀wọ́ ẹja náà ti pọ̀ tó.

Èkejì, wọ́n máa ń da àwọ̀n sí àwọn ibi tí wọ́n ti yàn sílẹ̀, fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan náà níbi gbogbo. Wọn yóò ṣa ẹja náà ní oríṣi kọ̀ọ̀kan, wọn yóò wọ̀n ọ́n, wọn yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá tún padà síbẹ̀ ní ọdún mìíràn, wọn yóò mọ̀ bóyá ẹja ń pọ̀ sí i tàbí ó ń dín kù.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó yani lẹ́nu jù. Egungun kékeré kan wà nínú etí ẹja. Bí wọ́n bá gé e, wọn yóò rí àmì róbótó róbótó nínú rẹ̀, bí a ti ń rí i nínú ìtì igi tí a gé. Àmì wọ̀nyí ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí ẹja. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ ẹja nìkan ni àwọ̀n ń kó, tí àgbà ẹja kò sí mọ́, a jẹ́ pé pípa náà ti pọ̀ ju bíbí lọ.

Àwọn àjọ òkè òkun

Àjọ tí ó pẹ́ jù nínú irú iṣẹ́ yìí ni ICES, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1902, tí olú-iléeṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní ìlú Copenhagen ní Dẹ́ńmákì. Orílẹ̀-èdè 20 ni ó wà nínú rẹ̀. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń sọ fún àwọn ìjọba wọn ìwọ̀n ẹja tí wọ́n lè pa láìba ìran ẹja jẹ́. Òkun ọ̀hún ni púpọ̀ nínú ẹja Titus tí à ń jẹ ti ń wá. Ní ọdún 2025, àjọ yìí gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n dín pípa ẹja náà kù fún ọdún 2026 ju ìdajì lọ, nítorí pé ó ti ń tán lọ. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ní Copenhagen ṣe lè dé orí àtẹ ẹlẹ́ja ní Ìdógò.

Ní ọdún 1960, UNESCO dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí ó ń mú kí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe ìwádìí òkun pọ̀. Lábẹ́ irú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a ti rí iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Argo: nǹkan bí 4,000 ẹ̀rọ kéékèèké tí ń léfòó káàkiri òkun ayé. Wọ́n ń rì lọ sí ìwọ̀n mítà 2,000 nísàlẹ̀, wọ́n sì ń gòkè wá ní ọjọ́ mẹ́wàá-mẹ́wàá láti ròyìn bí omi ti gbóná tó àti bí iyọ̀ inú rẹ̀ ti pọ̀ tó.

Ìlú Jẹ́dà tí àwọn alálàájì wa ń sọ̀ sí náà ní tirẹ̀. Ní ọdún 1982 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan níbẹ̀ láti dáàbò bo Òkun Pupa, àjọ PERSGA tí ń bójú tó o sì fi Jẹ́dà ṣe ibùjókòó.

Òkun àti òjò

Ẹ má ṣe rò pé ẹja nìkan ni. Atẹ́gùn tí ń fẹ́ láti ìhà gúúsù, láti orí òkun, ni ó ń gbé omi òjò wá sórí oko wa. Nítorí èyí ni Faransé, Bùràsíìlì àti Amẹ́ríkà fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ PIRATA ní ọdún 1997. Wọ́n so àwọn ẹ̀rọ ńlá tí ń léfòó mọ́lẹ̀ lójú òkun Àtìláńtíìkì láti máa wọn ooru omi àti agbára atẹ́gùn. Omi etí òkun Gánà àti Ivory Coast máa ń tutù láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, èyí sì wà lára ohun tí ń mú kí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Àgbẹ̀ tí ń gbin àgbàdo ní Yewa mọ ohun tí ìdádúró náà túmọ̀ sí.

Àwọn tí ó wà nítòsí wa

Láti ọdún 1963 sí 1964 ni ọkọ̀ méjì, La Rafale àti Thierry, ti wádìí ẹja etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ títí dé ìhà Kóńgò. Ní ọdún 1975, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà dá iléeṣẹ́ ìwádìí òkun tí a mọ̀ sí NIOMR sílẹ̀ ní Victoria Island ní Èkó. Wọ́n ń wádìí ẹja, edé, omi òkun àti bí òkun ṣe ń jẹ ilẹ̀, wọ́n sì ń ṣe ìwádìí lórí ẹja sísìn. Àwọn aládùúgbò wa ní Bẹ̀nẹ̀ náà ní tiwọn, IRHOB, ní Kútọnu. Ní ọdún 1981 ni wọ́n ṣe àdéhùn Abidjan láti dáàbò bo etí òkun wa lọ́wọ́ ìdọ̀tí, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1984. Ní 2007, Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Gánà, Ivory Coast àti Làìbéríà parapọ̀ dá àjọ FCWC sílẹ̀, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Tẹ́mà, kí wọ́n lè jọ kojú àwọn ọkọ̀ tí ń jí ẹja wa kó.

Èrè irú iṣẹ́ yìí hàn ní Gánà. Nígbà tí ìwádìí fi hàn pé sáwá ń tán lọ, ìjọba wọn fẹ́ ti òkun pa fún ìgbà díẹ̀ ní 2018 kí ẹja lè yé ẹyin, ṣùgbọ́n àwọn apẹja kọ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà, nígbà tí ó sì di 2019, àwọn ọlọ́kọ̀ onípákó dá àwọ̀n dúró láti ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún sí ọjọ́ 15 oṣù kẹfà.

Ta ni yóò ka tiwa?

Ọkọ̀ ìwádìí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ní etí òkun Áfíríkà ni Dr. Fridtjof Nansen. Láti 1975 ni iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kẹta rẹ̀ sì dé ní 2017. Nọ́wè ni ó ni ọkọ̀ náà, ó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àjọ FAO, àsíá Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé ni ó sì ń ta. Àwọn ènìyàn Nọ́wè kò tó mílíọ̀nù mẹ́fà, àwa sì ju 200 mílíọ̀nù lọ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àdéhùn wọn ni pé orílẹ̀-èdè tí ó ni òkun ni ó ni àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n bá rí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fún ènìyàn ní ìwé tí kò lè kà, ǹjẹ́ ìwé náà wúlò fún un? Ohun tí ó kù ni àwọn ọmọ tiwa tí yóò kà á, tí yóò lóye rẹ̀, tí yóò sì lè jókòó níwájú ẹni tí ń wá ẹja wa láti sọ pé, “Ó tó, ibi ni kí ẹ mọ.”

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a mú nǹkan mẹ́ta lọ́kùn-únkúndùn. Èkíní, kí á dẹ́kun jíju ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti ike sínú gọ́tà, nítorí òjò ni yóò gbé e lọ sínú odò. Èkejì, kí ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń lọ sí ilé-ìwé ní òwúrọ̀, tí ẹ ń wá sí ilé-kéwú ní ìrọ̀lẹ́, má ṣe sá fún ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Wọ́n ń kọ́ni ní ìmọ̀ òkun ní Yunifásítì Èkó, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ fún ẹja àti iṣẹ́ ojú omi sì wà ní Victoria Island. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀yin òbí má ṣe sọ fún ọmọ tí ó bá yan irú iṣẹ́ yìí pé iṣẹ́ apẹja lásán ni.

Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Àmánà ni òkun jẹ́ lọ́wọ́ wa. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ìmọ̀ àwọn ọmọ wa. Àmín.