Etí Lọ́tọ̀, Ìtumọ̀ Lọ́tọ̀

Láti ìgbà tí àjọ NOAA ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti pa sátẹ́láìtì ojú ọjọ́ mẹ́ta tó ti gbó, NOAA-18 ní Oṣù Kẹfà ọdún 2025, NOAA-19 àti NOAA-15 ní Oṣù Kẹjọ, ni àwọn tó máa ń fi fóònù gba àwòrán ìkùukùu ti ń dárò. Àwọn tó gbọ́ ìdárò náà wá ń béèrè pé, ṣé fóònù lásán lè gbọ́ ohun tó wà ní nǹkan bí 850 kìlómítà sókè? Kò lè dá a gbọ́. Ẹ̀rọ kan tí kò tóbi ju fláàṣì lọ ni wọ́n máa ń kì bọ ojú USB rẹ̀, áńtẹ́nà á sì wà lára ẹ̀rọ yẹn.

RTL-SDR lorúkọ ẹ̀rọ náà. Tẹlifíṣọ̀n orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ṣe é fún, àfi ìgbà tó di 2012 tí àwọn olùtọpinpin rí i pé ṣíìpù Realtek inú rẹ̀ ṣeé pàṣẹ fún pé kó má túmọ̀ ohunkóhun, kó kàn máa wọn ìgbì bó ṣe ń wọlé. Wíwọ̀n yìí gan-an ló ṣòro fún ọ̀pọ̀ èèyàn láti lóye. Ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, ó lè wọn ìgbì ní ìgbà mílíọ̀nù méjì ó lé, nọ́ńbà méjì ló sì ń tì jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láti orí 0 dé 255. Bóyá orin ni o, bóyá àwòrán ni o, kò kàn án. Nínú rédíò àtijọ́, wáyà ló ń yan ohùn kan láàárín ariwo, wáyà tí wọ́n bá sì ti jó mọ́ ibì kan kò ṣeé sọ di nǹkan míì. Níbí, ìṣirò ló gba iṣẹ́ wáyà, áàpù bíi SDR++ tàbí SatDump ló sì ń ṣe ìṣirò náà lórí fóònù.

Ẹ wo ohun tí ikú NOAA fi hàn. Bí ohùn ni àwọn mẹ́ta yẹn ṣe ń fi àwòrán ránṣẹ́, ìlà méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó fi ń dún kì-kì létí bí aago. Tí ìgbì bá rẹlẹ̀, àwòrán á kàn máa funfun wúruwùru. Ti Meteor-M N2-3 àti N2-4, tí Rọ́ṣíà gbé sókè ní 2023 àti 2024, kò rí bẹ́ẹ̀: oní-nọ́ńbà ni, ibi tó bá wọlé á mọ́ kedere, ibi tí kò wọlé á dúdú. Síbẹ̀ ẹ̀rọ kan náà ló ń gba méjèèjì, pẹ̀lú áńtẹ́nà ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan gùn tó 53 sẹ̀ǹtímítà. Orúkọ tí èèyàn ń tẹ̀ nínú áàpù nìkan ló yí padà.

Ẹnìkan lè ní, ṣebí fóònù ń gba GPS tẹ́lẹ̀? Òótọ́ ni, ó ní etí fún un ní 1575.42 MHz. Ṣùgbọ́n ibi téèyàn wà ni ṣíìpù yẹn máa ń sọ. Ìgbì fúnra rẹ̀ kì í jáde níbẹ̀. Èmi ò sì rò pé àwọn tó ń ṣe fóònù máa ṣí i láìpẹ́, torí mi ò rí owó tí wọ́n máa rí nínú rẹ̀. Àwọn míì á ní eré ọmọdé ni, pé àwòrán tó dáa jù bẹ́ẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ẹni tó fi áńtẹ́nà gba ìkùukùu orí ìlú rẹ̀ kò ra dátà, kò sì dúró de ẹnikẹ́ni.

Ohun tó ń kọ mí lóminú yàtọ̀ sí ìyẹn. NOAA-15 lo ọdún 27 lókè; a ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ti Rọ́ṣíà máa pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá lọ, àwọn sátẹ́láìtì tó ń sọ̀rọ̀ ní nǹkan bí 1,700 MHz ló kù, áńtẹ́nà tó rí bí àwo ni ìyẹn sì sábà máa ń gbà. Kò sí áàpù tó ń di àwo.