Ọdẹ, Wo Ìwo Kí O Tó Yìnbọn

Ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí iná ti jó pápá láàrin Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, tí koríko tútù sì ń hù, àgbọ̀nrín a máa jáde wá jẹ ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ṣakabùlà ń dún. Kí ọdẹ tó tún ki ẹ̀tù àti ọta sí i lẹ́nu, ẹran ti lọ. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ṣe ń kánjú. Ṣùgbọ́n àkókò kan náà ni àgbẹ̀ ń lọ sí oko. Akọ àgbọ̀nrín ní ìwo, abo kò ní. Ọdẹ tí ó bá dúró títí ó fi rí ìwo kò ní pa aládùúgbò rẹ̀, kò sì ní pa ẹran tí ó lóyún. Ọta tí ó ti jáde kì í padà sí ẹnu ìbọn.