Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Oògùn tó ń sọjí nínú ẹ̀dọ̀

Cyclophosphamide, oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ṣe ní Jámánì ní àwọn ọdún 1950, kò lè pa jẹjẹrẹ bó ṣe wà nínú ìgò. Ẹ̀dọ̀ aláìsàn ló máa ń sọ ọ́ di 4-hydroxycyclophosphamide, tó ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì, tó sì ń fọ́ sí méjì. Ọ̀kan ń pa jẹjẹrẹ. Èkejì, acrolein, ń bá ìtọ̀ jáde, ó sì lè dá egbò sí àpò ìtọ̀ débi tí aláìsàn á máa tọ ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀dọ̀ tèmi àti tiyín kì í ṣiṣẹ́ bákan náà, nítorí náà iye oògùn tí wọ́n fà síni lára nìkan kò sọ nǹkan púpọ̀. Èyí tó ti sọjí ló yẹ ká wọ̀n, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà: kì í dúró! Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan tí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀, ó ti ń bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń da kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ semicarbazide sí i lójú ẹsẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, kó lè dì í mú títí á fi dé láàbù. Bí wọ́n bá fi falẹ̀, iye tí ẹ̀rọ máa kà á kéré, dókítà á sì rò pé ẹ̀dọ̀ ni kò ṣiṣẹ́.